Nítorí Bèbè Ọ̀sà Lẹ́yìn Apá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ amọ̀, ẹ sì kú ooru iná ìkòkò. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àjàrá, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń jẹ páànù orí ilé wa díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹran ọwọ́ rẹ̀ tán. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí ìyá àgbà tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá níwájú wọn kí wọ́n má bi í pé níbo ló ń lọ. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá oníkòkò ní Ìsàn, pàápàá àwọn tí ẹ jọ máa ń lọ wa amọ̀. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ ti ń rí oòrùn sá ìkòkò, àbí òjò kò jẹ́ kí ẹ gbádùn?

Bó bá jẹ́ inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ pé mo kọ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ mi ti di ohun tí wọ́n fi ń jẹun ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa. Mo rò ó títí, mo ní bí wọn yóò bá kúkú sọ ọ́, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí. Táyọ̀ ni yóò kà á fún yín. Táyọ̀, má fò lọ sí ìparí kí o tó ka ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn o, mo mọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ pé mo dá iṣẹ́ ọ̀gá mi dúró. Ẹ gbọ́ pé mo lọ dúró níwájú katakata bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Táyọ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá mi kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní ẹ sunkún bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ ni pé mo dúró níwájú katakata. Irọ́ ni pé orí mi kò pé. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe níhìn-ín. Bí mo bá ní iṣẹ́ ìwakùsà ni, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ṣé wúrà ni mò ń wà tí n kò mú ẹyọ kan wálé. Kì í ṣe wúrà. Yanrìn ni. Yanrìn funfun báláú tí wọ́n ń kó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ ọ di ìgò àti gíláàsì ojú fèrèsé. Ó wà lẹ́yìn ìlú Apá, kò jìnnà nínú ilẹ̀ rárá. Ẹ ṣáà ti ká ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ kúrò, ẹ ó bá a níbẹ̀ tó ń dán. A kì í wọ ihò lọ sábẹ́ ilẹ̀ bí àwọn tó ń wa èédú. Gbangba ni kòtò tiwa là sí, oòrùn ń wọ̀ ọ́, òjò ń rọ̀ sí i. Alhaji tó ni iṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ ìdílé oníṣòwò nínú ìgboro Àgbádárìgì. Ó gba ilẹ̀ náà lò fún sáà kan lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó wà lẹ́yìn kòtò, ó sì gbà mí síṣẹ́ pé kí n ya àwòrán bí a ó ṣe wà á, kí n sì máa bójú tó o títí tí a ó fi dí i padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, títí tí a ó fi dí i padà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń mú mi lọ sí ibi amọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré? Ẹ ó kọ́kọ́ fi ọkọ́ ha ilẹ̀ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó wa amọ̀, ẹ ó sì dá ilẹ̀ dúdú yẹn padà kí a tó gbé agbọ̀n lérí. Bí mo bá ń kánjú láti lọ sílé, ẹ ó ní kí n lọ bo ẹnu ilẹ̀ ná. Nígbà tí mo dé ilé-ìwé gíga, wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ mi ní ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ńláńlá. A pín ilẹ̀ Alhaji sí ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Bí a bá wa ìlà kan tán, a ó ti amọ̀ àti erùpẹ̀ tí kò wúlò padà sínú rẹ̀, a ó fi ilẹ̀ dúdú bò ó lórí, a ó sì gbin àgbọn sí i, kí a tó ṣí ìlà mìíràn. A kì í wà á débi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti ń sun. Mo ri páìpù mọ́ ilẹ̀ yí kòtò náà ká, mo sì máa ń ju okùn sínú wọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti mọ ibi tí omi dúró sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń bu omi wọ́n ojú ọ̀nà kí eruku típà má bàa bo ẹja tí àwọn obìnrin ń yan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni bèbè. Láàárín kòtò wa àti ọ̀sà, ilẹ̀ kan wà tó fẹ̀ níwọ̀nba, tí àgbọn gíga gíga kún orí rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ni a ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láéláé. Ọ̀sà Àgbádárìgì kò dà bí odò tiwa, ìyá mi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, iyọ̀ òkun máa ń wọ inú rẹ̀. Bí a bá wa bèbè yẹn, omi iyọ̀ yóò ya wọ kòtò, yóò gba inú kòtò wọ ilẹ̀, yóò sì gba inú ilẹ̀ bọ́ sínú kànga àwọn tó ń gbé lẹ́yìn wa. Kànga tí iyọ̀ bá sì wọ̀, kò sí ẹni tí yóò bẹ iyọ̀ pé kó jáde. Alhaji fúnra rẹ̀ ṣèlérí níwájú baálẹ̀ wọn pé a kò ní dé ibẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

N kò ní purọ́ fún yín, ìgbé ayé ibí kò rọrùn fún mi. Yàrá kan ni mo gbà ní Àjàrá, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀, tí mo bá ṣí i, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ pé mo ti jí. Èdè Ègùn ni wọ́n ń sọ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí mi, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá pa wọ́n, Ègùn ni wọ́n fi ń rín in, èmi yóò kàn máa wo ẹnu wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi oríkì mi pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Ní ti iyán tí wọ́n ń gún níhìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ wọn wọ̀ wọ́n.

Ẹni kan ṣoṣo tó sọ ibí di ilé fún mi ni Màmá Sènámí. Ilé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wà bí èèyàn bá ti ẹ̀yìn kòtò wọ abúlé. Òróró àgbọn ló ń ṣe tà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó kí mi káàbọ̀ ní Ègùn pé mì kúàbọ̀, ó gbé àkàsà, ẹ̀kọ tiwọn, àti ẹja yíyan síwájú mi kó tó bi mí ní orúkọ. Láti ìgbà náà, n kì í kọjá kí n má yà. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará Èkìtì, bí kò bá sí iṣu a kò mọ̀ pé Ọlọ́run ń bẹ. Nínú kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mo ti ń bu omi mu lójoojúmọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá dojú rú nìyí. Àwọn awakọ̀ típà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣẹ́rí ọkọ̀, dípò kí wọ́n gba ojú ọ̀nà tí a là sílẹ̀, orí bèbè ni wọn yóò gbà, wọn yóò sì tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ri èèkàn mọ́ ilẹ̀, mo kùn wọ́n ní ọ̀dà pupa, wọ́n fi táyà tẹ̀ wọ́n fọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bú wọn, wọ́n ní ẹ má bínú màdáámù, ní ọjọ́ kejì wọ́n tún gba ibẹ̀. Sùlè tó ń wa katakata wa, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, aláwàdà ènìyàn. Òun ló sọ pé kí n kúkú so màrìwò mọ́ èèkàn yẹn, kí òun rí awakọ̀ tí ìyá rẹ̀ bí dáadáa tí yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gé màrìwò lára ọ̀pẹ, èmi àti Sùlè sì so ó láti èèkàn dé èèkàn, bèbè gba màrìwò láti ìkángun dé ìkángun.

Ìyá mi, kò sí típà kan tó gba ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ń pariwo lé mi lórí tẹ́lẹ̀ wá ń rọra ṣẹ́rí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè. Inú mi dùn, mo ń yin ara mi káàkiri bí ẹni tó pa ẹkùn. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí n kò rò ni pé àwọn awakọ̀ nìkan kọ́ ló ní ojú. Ọ̀nà tí àwọn obìnrin abúlé ń gbà lọ sí ọ̀sà, orí bèbè yẹn ló gbà kọjá. Àwọn ni wọ́n sì ni àgbọn ibẹ̀. Wọ́n jí lówùúrọ̀, wọ́n rí màrìwò, wọ́n yí padà. Ta ló ń béèrè ìdí tí wọ́n fi so màrìwò? Ṣé a ó béèrè nílé wa? Àwọn obìnrin rò pé àwọn àgbà abúlé ló so ó. Àwọn àgbà rò pé àwọn tó ju àwọn lọ ní Apá ló ní kí wọ́n so ó. Oníkálukú di ẹnu rẹ̀ mú.

Èmi ń kọjá lójoojúmọ́, n kò fura. Koríko hù bo ojú ọ̀nà wọn. Àgbọn ń já bọ́, ó ń jẹrà síbẹ̀. Mo rí i pé Màmá Sènámí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe òróró mọ́, mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo gbà pé kò sí nǹkan kan. Màrìwò wà níwájú wa níbẹ̀, àwa méjèèjì ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ni yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ìlà tó kẹ́yìn tí a ṣí kò rí bí a ṣe rò, amọ̀ ti gba abẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pe Alhaji ní gbogbo ìgbà, típà tó ń dúró de yanrìn ti ń tò sẹ́bàá ọ̀nà títí dé ọ̀nà ńlá, òjò sì ti ń gbára jọ lójú ọ̀run. Bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ gidi, a kò lè wa nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Àyà gbogbo wa kò balẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Alhaji bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rìn lọ sórí bèbè, ó fi bàtà họ ilẹ̀, ó bu yanrìn abẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì ń wò ó. Ó funfun ju ti ibikíbi lọ. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó gbójú kúrò lára yanrìn náà.

Ó ní kí a wa ìdajì bèbè péré. Mo ní ìdajì rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú omi. Ó ní ta ni a ń tọ́jú rẹ̀ fún? Ó ní kí n wo ilẹ̀ dáadáa, ṣé mo rí ipa ẹsẹ̀ ènìyàn kan níbẹ̀? Ó ní koríko ti gba ọ̀nà, àgbọn ń jẹrà, ẹni tó bá ni nǹkan kì í fi í sílẹ̀ kó jẹrà. Ó ní òun tilẹ̀ ti ránṣẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀, baálẹ̀ sì fèsì pé àwọn kò ní ohun kan í ṣe níbẹ̀ mọ́, àwọn kì í débẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló là mí lójú. Màrìwò tí mo so kí ẹnikẹ́ni má bàa ba bèbè jẹ́ ló di ẹ̀rí pé bèbè kò lẹ́ni tó ni ín. Mo sọ fún Alhaji lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni mo so ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeun, bó bá jẹ́ èmi ni mo so ó, kí n lọ tú u kí katakata lè ráyè wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó ní kí Sùlè gbé katakata lọ sórí bèbè. Mo sáré, mo lọ dúró níwájú rẹ̀. N kò ronú o, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀. Sùlè paná ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ mí pé òun ní ọmọ nílé, kí n má kó òun sí wàhálà. Mo ní kó gun orí mi kọjá bó bá lè ṣe é. Ó wojú mi, ó lọ bá Alhaji, ó ní ẹ̀rọ ti gbóná jù, òun kò lè wà á mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi, òwúrọ̀ kùtù ni, ìrì ṣì wà lára irin rẹ̀. Alhaji kò bá a jiyàn. Èmi ló kọjú sí. Ó ní ọjọ́ Ajé ni òun yóò padà wá, bí n kò bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wa bèbè, kí n kó ẹrù mi, kí n máa lọ.

Àárín ìgbà yẹn ni Táyọ̀ pè mí. Ìyá mi, ẹ̀rù bà mí. N kò ní ṣe akin fún yín. Mo rántí bí mo ṣe jókòó sílé tì yín kí n tó rí iṣẹ́ yìí, tí ẹ ń fi owó ìkòkò bọ́ mi, tí ẹ kò sì sọ̀rọ̀. Mo rántí pé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ni Táyọ̀ fi ń tún òrùlé yín ṣe, kò sì tíì dé ìdajì. Mo fi gbogbo ọjọ́ kan rò ó bóyá kí n lọ kúnlẹ̀ fún Alhaji gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí i pé ẹni tí mo ṣẹ̀ kọ́ ni Alhaji.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni mo lọ kúnlẹ̀ sí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pe àwọn ìyá abúlé. Nígbà tí wọ́n péjọ, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé kò sí òrìṣà lọ́rọ̀ màrìwò yẹn, pé típà ni mo so ó fún. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan bú sí igbe ní Ègùn, òmíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú kò nílò ògbufọ̀. Màmá Sènámí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù, nítorí kò pariwo. Ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní ọmọ lòun pè mí. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo jókòó nílé òun tí mò ń jẹ àkàsà òun, mi ò rí i sọ pé Màmá, ohun tó wà ní bèbè yẹn kò kan yín? Ó ní àgbọn òun jẹrà lójú òun nítorí típà! Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ nínú àdúrà yín, nítorí títí di òní, kò tíì gbàgbé rẹ̀ tán.

Baálẹ̀ ní ẹnu kọ́ ni a fi ń tú ohun tí a fi ọwọ́ so. Ó ní èmi tí mo so ó ni yóò tú u, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ènìyàn, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín kọjá dé etí ọ̀sà, nítorí àwọn kò lè fi ọmọ tiwọn dán an wò. A jọ lọ. Mo ń tú u lọ láti èèkàn dé èèkàn, kò sí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́. Mo bọ́ bàtà, mo rìn ín. Nígbà tí mo dé etí omi, mo wẹ̀yìn, mo rí i pé gbogbo wọn ṣì dúró sí òdìkejì, wọ́n ń wò mí. Ẹnikẹ́ni kò mira. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí wọn kò bá kọjá, a jẹ́ pé mo ti pa bèbè yìí, kò tún sí ohun tí mo lè ṣe mọ́.

Màmá Sènámí ló bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó ki í mọ́ abíyá, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bú mi ní Ègùn bó ṣe ń bọ̀, ó bú mi títí ó fi dé etí omi. Èébú tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àgbọn tó ṣì dára láàárín èyí tó ti jẹrà.

Ní ọjọ́ Ajé, Alhaji dé pẹ̀lú katakata mìíràn tó yá àti awakọ̀ tí kò mọ̀ wá rí. Orí bèbè ti kún fún obìnrin tí wọ́n gbé agbọ̀n. Baálẹ̀ gbé àga rẹ̀ sí abẹ́ igi àgbọn, ó jókòó. Ojú Alhaji pọ́n. Ó ní mo ti kó abúlé dìde sí òun, òun tí òun fún mi ní iṣẹ́. Mo ní sà, mo kàn lọ tú ohun tí mo so ni. Baálẹ̀ kò gbóhùn sókè rárá. Ó ní àwọn kò fi bèbè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ló lé àwọn kúrò níbẹ̀, ẹ̀rù náà sì ti tán. Ó rán Alhaji létí ìlérí rẹ̀. Ó wá fi kún un, bí ẹni tó kàn rántí nǹkan, pé ilẹ̀ àwọn náà ni ọ̀nà tí típà ń gbà wọlé.

Awakọ̀ tuntun yẹn kò paná ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń kùn níbẹ̀, èéfín ń jáde, òjò sì ti ṣú dúdú lójú ọ̀sà. Alhaji ń wo àwọn obìnrin, àwọn obìnrin kò wò ó, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Níkẹyìn Alhaji ju ọwọ́ sí awakọ̀ náà pé kó paná rẹ̀.

Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bú mi. Ó ní òun mọ̀ pé bí mo ṣe ya iṣẹ́ náà ló tọ́, òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ báyẹn, oníṣòwò kì í lè gbà á síṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gba ilẹ̀ mìíràn sọ́nà ẹnubodè, yóò wá ẹlòmíràn sí i. Ó ní kí n kó ìwọ̀nba yanrìn tó kù nínú ìlà tí a ti ṣí, kí n dí kòtò náà bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì máa lọ sílé. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi wakọ̀ lọ.

Ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí nìyẹn, ìyá mi. Sùlè ń ti erùpẹ̀ sínú kòtò, ilẹ̀ dúdú ti ń bo ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń bá mi gbin àgbọn sí i. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ti rọ̀. Ọ̀sà kún, ó fi ara lu bèbè ní gbogbo òru, n kò lè sùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bèbè wà níbi tó wà. Màmá Sènámí bu omi kànga fún mi nínú ife, mo mu ún tán níwájú rẹ̀.

Bí a bá dí kòtò tán, n kò níṣẹ́ mọ́. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ yóò dáwọ́ dúró ná. Táyọ̀, fi ọ̀rá nínípọn bo ibi tí òrùlé kò tíì dé lórí yàrá wọn, má jẹ́ kí wọ́n sùn nínú òtútù. Ìyá mi, ẹ má sunkún mọ́. Ó ń dun èmi náà, mi ò ní pé kò dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń sùn báyìí.

Ẹ bá mi kí ìyá àgbà. Ẹ bá mi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín níbi amọ̀, kí Ọlọ́run fún ọwọ́ wọn lágbára, kí ìkòkò wọn má fọ́ sínú iná. Ẹ̀yin náà, ẹ ó pẹ́ fún wa, orúnkún yín yóò gbé yín, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Àwọn ará ilé yóò bi yín pé kí ni mo mú bọ̀ láti Àgbádárìgì lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. N kò ní ohun tí mo lè fi hàn wọ́n. Kòtò tí mo gbẹ́ gan-an, bí wọ́n bá wá wò ó, àgbọn ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ìyá kan wà lẹ́yìn Apá tí omi kànga rẹ̀ kò níyọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀